Ibo là ń gbé aboyún gbà láti apá Ìmálà?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ mà, Màmá Nọ́ọ̀sì. Apá Ìmálà, lẹ́yìn ìlú Abẹ́òkúta ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni mò ń gbé, mò ń dáko níbẹ̀, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi lóyún oṣù márùn-ún, oyún àkọ́kọ́. Àwọn kan ní kí n má wulẹ̀ dara mi láàmú lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ilé ìlera kékeré tó wà nítòsí wa, kí n yáa lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọsibítù Ìdí-Àbá nínú Abẹ́òkúta, torí ibẹ̀ ni dókítà wà. Ìyá mi ní tirẹ̀ ní ìyá alágbo tó gbẹ̀bí èmi gan-an ṣì wà láyé. Mo wá ń rò ó pé, ìpínlẹ̀ tó ní ọsibítù tó báyìí, kí ló dé tó jẹ́ orí ọ̀kadà la fi ń gbé aláìsàn? Ta ni wọ́n kọ́ àwọn ọsibítù yìí fún? Ibo ni kí n sì gbé ìyàwó mi lọ?"

Ọmọ mi, mo kí ọ, mo kí ìyàwó. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, lágbára Ọlọ́run.

Ìbéèrè mẹ́ta lo dì sínú ewé kan. Èyí tó kẹ́yìn lo fẹ́ gbọ́ jù, ṣùgbọ́n mi ò ní fi bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá kàn dárúkọ ibi tí wàá gbé e lọ láì sọ ìdí, ọ̀rọ̀ àwọn tó ní kó o máa lọ Ìdí-Àbá ló máa borí tèmi. Wọ́n pọ̀ jù mí lọ, wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.

Kọ́kọ́ wo ibi táwọn ọsibítù yìí dúró sí. Abẹ́òkúta ò tòṣì ọsibítù rárá. Láti 1895 làwọn àlùfáà Kátólíìkì ti dá Sacred Heart sílẹ̀ ní Lantoro, òun lọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ọsibítù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní Lantoro yẹn náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tí orí wọn ò pé ní 1944, kí wọ́n tó ṣí ti Àrò ní 1954. Ti Ìjàyè wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Ti Ìdí-Àbá, tí gbogbo yín ń pariwo rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, 1993 ló dé. Ẹni tó bá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láàárọ̀, á ti kan gbogbo wọn tán kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.

Wá wo ìpínlẹ̀ náà. Ìjọba ìbílẹ̀ 20, ilẹ̀ tó ju 16,000 kìlómítà níbùú lóòró, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 3.7 nígbà tí wọ́n kà wá ní 2006, a sì ti pọ̀ jùyẹn lọ fíìfíì. Ìmẹ̀kọ wà lẹ́nu ibodè Bẹ̀nẹ̀. Ní Ogun Waterside, àwọn abúlé kan wà tó jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń débẹ̀. Ọsibítù ńlá ti yunifásítì wà ní Ṣàgámù, ti ìpínlẹ̀ wà ní Ìlaròó, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ọ̀tà. Ìlú ni gbogbo wọn. Ibi tí ìjọ bá tẹ̀dó sí, ibi tí òyìnbó bá fi ṣe ibùdó, ibi tí ìjọba bá gbé ọ́fíìsì rẹ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ ni ọsibítù ń hù sí. Kò sẹ́ni tó wo oko ẹnikẹ́ni kó tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Èmi ò gbà pé ọsibítù ṣọ̀wọ́n tó bí a ṣe ń wí. Ó kóra jọ sójú kan ni.

Àwọn tó ṣètò ìlera orílẹ̀-èdè yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pín iṣẹ́ náà sí mẹ́ta. Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ló yẹ kó rí aláìsàn kọ́kọ́. Èyí tó bá ju agbára rẹ̀ lọ, kó kọ̀wé lé e lọ́wọ́ lọ sí ọsibítù ìpínlẹ̀, èyí tó bá ju tìyẹn náà lọ ló ń dé Ìdí-Àbá tàbí Ṣàgámù. Ọmọ Ẹ̀gbá kan wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé, tó ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1985 di 1992. Ohun tó fi gbogbo ẹnu sọ nígbà náà ni pé ìlera alábọ́ọ́dé nìpìlẹ̀, pé abẹ́rẹ́ àjẹsára, omi tó mọ́ àti ìtọ́jú aboyún lábúlé máa gba ẹ̀mí là ju ilé alájà mẹ́rin lọ. Èmi ò tíì rí nǹkan kan lẹ́nu iṣẹ́ mi tó já ọ̀rọ̀ yẹn nírọ́.

Ibo ló wá ti wọ́? Owó. Ìjọba àpapọ̀ tí àpò rẹ̀ wúwo jù ló mú ọsibítù ńlá. Ìjọba ìbílẹ̀ tí àpò rẹ̀ fúyẹ́ jù ni wọ́n gbé èyí tó sún mọ́ ọ jù fún. Wọ́ọ̀dù 236 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìlànà sì ni pé kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní ilé ìlera kan tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ìlànà kan náà ló ní kí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí mẹ́rin wà níbẹ̀. Ẹ má rò pé mẹ́rin pọ̀. Ẹnì kan láàárọ̀, ẹnì kan lọ́sàn-án, ẹnì kan lóru, ẹnì kẹrin sì nìsinmi àwọn yòókù. Tó bá ku méjì, alẹ́ ti di ti aṣọ́de nìyẹn. Tó bá ku ẹnì kan, kọ́kọ́rọ́ ló kù.

Èmi ti jẹ́ ẹnì kan yẹn. Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, a bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́ta: ọ̀kan lọ́kọ lọ sí Èkó, ọ̀kan jàpá. Ó ku èmi àti àwọn ọmọbìnrin CHEW méjì, òṣìṣẹ́ ìlera abúlé tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì, tí wọ́n gbọ́n, tí wọ́n sì láàánú, àmọ́ tí ìwé iṣẹ́ wọn ò gbà wọ́n láyè láti dá gbogbo nǹkan ṣe. Eyín ni mo fi ń di tọ́ọ̀ṣì mú tí mo bá ń rán ojú ara ọlọ́mọ tó ya. Lárààárọ̀ Ọjọ́rú, mo máa ń gba kóòlà abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́wọ́ ọlọ́kadà, mo máa ń ṣí i wò bóyá yìnyín ṣì wà. Abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn ò gbọ́dọ̀ gbóná ju ìwọ̀n Celsius 8 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ tutù ju 2 lọ. Ọjọ́ tí Ọjọ́rú bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ìyá méjì ló ń wá. Àwọn yòókù ti gbé ọmọ pọ̀n lọ ta gbàgùúdá. Ìgbà tí mo gbé kóòlà náà lọ sẹ́nu ọjà, abẹ́ igi, ni iṣẹ́ wá gbèrú. Ọ̀gá mi kan bínú pé mi ò gba àṣẹ. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà bá ti kú ni pé gbogbo ayé á dorí kọ ìlú. Mo jókòó ní ọsibítù ńlá kan láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. A lé ní ogójì lórí bẹ́ǹṣì. Mo ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí arìndìn pé kí ni wọ́n bá wá: ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fẹ́ wọ̀n, ọmọ tó ń wúkọ́, káàdì oyún. Mo fẹ́ẹ̀ẹ́ lè sọ pé mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ni èmi nìkan ì bá ti yanjú lábúlé. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, wọ́n gbé obìnrin kan wọlé láti ọ̀nà Láfẹ́nwá, aṣọ tí wọ́n fi wé e ti rin fún ẹ̀jẹ̀. Kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu kàǹtà wá ń béèrè owó àsansílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Mo dìde, mo pariwo, ojú sì tì mí fún iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe. Kó o mọ̀: òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ pé kò sí òṣìṣẹ́ ìlera tó gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ìdí yòówù, owó ìtanràn N100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Kọ ọ́ síbì kan. Ọjọ́ tí o máa fẹ́ lò ó, orí rẹ ò ní balẹ̀ tó láti rántí.

Obìnrin yẹn yè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé èèyàn tó ń kú lọ́wọ́ ìbímọ lọ́dọ̀ wa, ohun tó ń pa wọ́n ju àìsàn lọ ni wákàtí. Àwọn olùwádìí ti pín wákàtí náà sí ìdádúró mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́, nínú ilé: ta ló láṣẹ láti ní ká gbéra? Ọkọ wà lóko, ìyá ọkọ ní kó fara dà á. Ìkejì, lójú ọ̀nà. Ìkẹta, lẹ́yìn tí o ti dé ọsibítù tán, tí o ń wá káàdì, owó, ẹ̀jẹ̀, dókítà. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn tó bímọ tán, wákàtí méjì lè pọ̀ jù fún un. Bí ẹ bá wá ọ̀kadà lóru, tí ẹ dé Láfẹ́nwá, tí ẹ gun afárá odò Ògùn, tí ẹ la ìlú já dé Ìdí-Àbá, mélòó ló kù nínú wákàtí méjì yẹn? Dókítà tó gbówọ́ jù lágbàáyé lè wà níbẹ̀, kò kàn án.

Nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí, tó ní abẹ́rẹ́ oxytocin nínú fíríìjì tàbí hóró misoprostol tí kò nílò fíríìjì, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ra ilé ọmọ kó le, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kó sọ pé ẹ gbéra, òun ló ń ra wákàtí yẹn padà fún yín. Ti giri aboyún náà bẹ́ẹ̀: abẹ́rẹ́ magnesium sulphate àkọ́kọ́ ni kí wọ́n gún un kó tó wọ ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá dé. Èyí ni mo rí gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn sí "ta ni ọsibítù wà fún". Ọsibítù ńlá wà fún ẹni tí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà bá ti dì mú kó tó rán an. Ẹni tí kò kọjá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó bá débẹ̀, oríire ni.

O ní olùkọ́ ni ọ́, nítorí náà jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ìmálà ò jìnnà sí ìsédò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983. Láti ìgbà náà ni àtọ̀sí ajá ti mú àwọn abúlé etí omi náà, nítorí ìgbín kéékèèké inú omi ló ń gbé kòkòrò rẹ̀, ó sì ń gba awọ ara wọlé sára ẹni tó bá wẹ̀ tàbí tó fọṣọ níbẹ̀. Bi àwọn ọmọkùnrin kíláàsì rẹ léèrè àwọ̀ ìtọ̀ wọn. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín pé ó máa ń pọ́n, pé ọmọkùnrin ló ń dàgbà. Irọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ ni. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, ó rọrùn débi pé igi ìwọ̀n gíga ni wọ́n fi ń mọ iye hóró tí ọmọ máa lò. Tí wọ́n bá pa á tì, ó ń ba àpòòtọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Kò sí ọsibítù ńlá kankan ní Abẹ́òkúta tó máa wá bi ọmọ rẹ léèrè àwọ̀ ìtọ̀ rẹ̀. Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àti olùkọ́ ló ń ṣe é. Rántí náà pé ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí Kòrónà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní oṣù kejì 2020, ilé ìtọ́jú ibi iṣẹ́ kan ní Ewékorò, níbí nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn, ló kọ́kọ́ fura sí i kí wọ́n tó gbé e lọ sí Èkó.

Àrò náà ti fi hàn wá tẹ́lẹ̀ pé abúlé lè ṣe iṣẹ́ ọsibítù. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, dókítà àwọn tí orí wọn ò pé, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1954, bẹ́ẹ̀dì ò tíì tó. Ó wọ àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ó bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n gba aláìsàn sílé. Aláìsàn á mú ẹbí kan dání tó máa dáná fún un, á lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, á sì padà sáàárín èèyàn lọ́sàn-án. Àwọn babaláwo tó mọ iṣẹ́ náà bá a ṣe pọ̀. Àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè wá ń wò ó. Abúlé di wọ́ọ̀dù ọsibítù, nílùú tiwa níbí, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Ó yá, ìyàwó.

Má ṣe forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìdí-Àbá lónìí. Mú un lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà yín lọ́sẹ̀ yìí, torí oṣù márùn-ún ti pẹ́ jù fún ẹni tí kò tíì rí nọ́ọ̀sì. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló yẹ. Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n mọ bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó, irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, jínótáìpù rẹ̀, àti àyẹ̀wò HIV. Abẹ́rẹ́ tẹ́táníọ̀sì ńkọ́, hóró ẹ̀jẹ̀ ńkọ́, oògùn ibà SP ńkọ́, tó yẹ kó lò lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán kó tó bí. Bí wọn ò bá lè ṣe àyẹ̀wò kan níbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ lọ ṣe é ní Ìjàyè lọ́jọ́ kan, kí ẹ sì padà.

Àwọn kan wà tí mi ò ní jẹ́ kí wọ́n bí lábúlé láéláé: ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ bíbí fún rí, ìbejì, ọmọ tó fìdí sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, alárùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell), ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ nígbà tó bímọ tẹ́lẹ̀, ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ọdún 18, àti ìyá tó ti bí márùn-ún. Bí ìyàwó rẹ bá bọ́ sínú ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni kó kọ̀wé fún yín. Ìwé yẹn níye lórí ju ìmọ̀ràn aládùúgbò lọ, torí dókítà tó bá kà á á mọ ohun tí wọ́n ti ṣe àti ìgbà tí wọ́n ṣe é. Bí kò bá sì sí nínú wọn, ó lè bí nítòsí, pẹ̀lú ohun kan tí ìwọ fúnra rẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.

Lọ kan ilẹ̀kùn hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà yẹn láago mẹ́wàá alẹ́. Má sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ta ló dáhùn? Ṣé iná sólà wà? Ṣé nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ló jáde tàbí aṣọ́de tó ní kó o padà wá lọ́la? Kíkọ́ ilé ò ṣòro fún ìjọba, ọ̀dà rẹ̀ lè rẹwà lójú ọ̀nà. Aago mẹ́wàá alẹ́ ló ń sọ irú ilé tó jẹ́. Bí aṣọ́de bá dá ọ lóhùn, kí ó máa gba ìtọ́jú oyún níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, gbé e wá sọ́dọ̀ ẹbí nínú ìlú, kí ìrọbí bá a nítòsí Ìjàyè.

Ìyá alágbo, mi ò ní bú u. Ọwọ́ rẹ̀ lo fi wáyé. Bẹ̀ ẹ́ pé kó bá ìyàwó rẹ lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, kó jókòó tì í, kó máa kì í, kó máa fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Àwọn obìnrin wọ̀nyí mọ bí wọ́n ṣe ń dúró ti ẹni tó ń rọbí ju àwa nọ́ọ̀sì lọ, mo ti rí i. Agbo nìkan ni mi ò fẹ́ nígbà ìrọbí, torí ó ní èyí tó ń jẹ́ kí ilé ọmọ fún jù débi pé ó lè fà ya.

Owó: ohun tó ju ìdá 70 nínú 100 lọ nínú owó ìtọ́jú ní Nàìjíríà, àpò ara wa la ti ń yọ ọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń jókòó sílé títí ó fi ń bọ́ sórí. Láti 2022 ni òfin ti ní kí gbogbo èèyàn ní adójútòfò ìlera, OGSHIA sì ni àjọ tó ń ṣe é nípìnlẹ̀ tiwa. Òfin 2014 tí mo dárúkọ lókè tún ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀, ìdajì rẹ̀ fún ìtọ́jú kòṣeémánìí fún àwọn aráàlú. Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, wọn á béèrè NIN. Bí ìyàwó rẹ ò bá ní NIN, ṣe ìyẹn kó o tó ra aṣọ ọmọ.

Kí ìwọ àti àbúrò rẹ kan lọ ṣe àyẹ̀wò irú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ní, torí wọ́n á ní kí ẹbí fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dípò èyí tí wọ́n bá lò, aago méjì òru kì í sì í ṣe ìgbà tí èèyàn ń wá ẹni tó máa fà á lára. Sọ fún ìyá rẹ níwájú ìyàwó pé bí o ò bá sí nílé, òun ló láṣẹ láti ní kí wọ́n gbéra, kò gbọ́dọ̀ dúró dè ọ́.

Ní ti ọ̀kadà, wá ọlọ́kadà méjì tí kì í mu ọtí, àti onímọ́tò kan, kódà kó jẹ́ èyí tó ń kó gbàgùúdá. Bá wọn dúnàá-dúrà owó òru nísinsìnyí, lọ́sàn-án gangan, kí gbogbo wọn gbà. Fi ṣọ́ọ̀kì kíláàsì rẹ kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kó tóbi, kí ìyá rẹ lè rí i kà láìsí gíláàsì.